Ẹ Jẹ́ Ká Ṣí Gbọ̀ngàn Wa Fún Àlọ́ àti Ìtàn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ wa ní Iléṣà)

Mi ò ní pẹ́ lórí ìdúró.

A ti sọ̀rọ̀ títì, a ti sọ̀rọ̀ omi. Ó ku ọ̀rọ̀ ìtàn wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló gbọ́ orúkọ Ògèdèǹgbé, wọn ò mọ ohun tó gbé e lọ sógun Kírìjì. Wọ́n gbọ́ òṣómàálò, wọn ò mọ̀ pé òwò aṣọ àwìn tó kọ́lé fún ọ̀pọ̀ ìdílé wa ni. Àwọn àgbà tó lè sọ ọ́ fún wọn sì ń dín kù.

Ẹ jẹ́ ká wo Òṣogbo. Àjèjì kọ́: ìtàn sọ pé láti Ìpólé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa níbí, ni Láróòyè ti lọ tẹ ibẹ̀ dó. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier, olùkọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tó ń kọ́ àwọn àgbà láàrin ìlú, dá Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ará Òṣogbo fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n ní “m̀bá rí i, m̀bá yọ̀.”

Wọn ò kọ́ ilé olówó ńlá o. Ilé ọtí Ládiípọ̀ ni wọ́n sọ di ibi eré. Lọ́dún náà wọ́n ṣe Ọba Mórò. Ní 1963, Ọba Kò So. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ni Ọya. Bàtá, dùndún, oríkì, ohun tí ará ìlú mọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó di 1964, eré náà dé Berlin ní Jámánì. Oníjó lásán ni Twins Seven Seven nígbà tó dé Mbari Mbayo; ibẹ̀ ló ti di ayàwòrán tí ayé mọ̀.

Ẹlòmíì á ní ìbọ̀rìṣà nìyẹn. Ìdílé ìjọ Áńgílíkà ni Ládiípọ̀ ti jáde, ó sì kọ orin fún ṣọ́ọ̀ṣì. Kéèyàn mọ ìtàn ìlú rẹ̀ ò ní kó kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀.

Àbá mi rèé. Bí kò bá sí ìnáwó, títì pa ni gbọ̀ngàn wa máa ń wà. Ẹ jẹ́ ká ṣí i nírọ̀lẹ́ Sátidé kan lóṣù. Kí àgbà kan sọ ìtàn, ní èdè Ìjẹ̀ṣà. Kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Iléṣà bá wa kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbà á sórí fóònù. Lóṣù kejì, kí àwọn ọmọ wa fi í ṣeré lójú àgbà náà. Bí wọ́n bá ṣì í sọ, yóò tún un ṣe. Epo jẹnẹrétọ̀, omi mímu àti owó onílù la máa ná. Kò dìgbà tí ìjọba bá dá sí i.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìtàn wà lẹ́nu àgbà, okun wà lára ọmọdé. Ta ló máa kọ́kọ́ sọ ìtàn fún wa ní Sátidé àkọ́kọ́? Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ sílẹ̀ ká tó túká lónìí.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà á máa gbòòrò.