Ẹnu Ni A Fi Ń Kọ́ Ìlù Kí Ọwọ́ Tó Mọ̀ Ọ́n

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́)

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àti bí ó ti yẹ kí wọ́n máa kọ́ ìlù àwọn baba wọn.

Àṣà ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ àmì orin kà lórí ìwé kí ó tó fi ọwọ́ kan ohun èlò orin. Èyí dára fún dùùrù. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà á fún dùndún, ẹ̀yìn ni a gbé síwájú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyáàlù. Bí onílù bá fún ọ̀ṣán rẹ̀ mọ́ra, ohùn a lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn a wá sílẹ̀. Bí ó bá sì mú un níwọ̀n, ohùn a wà láàárín. Ohùn mẹ́ta tí èdè wa ní nìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìlù kò ní ètè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ahọ́n. Bí ó bá dún láàárín lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì dún lókè lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò mọ̀ bóyá ilé ni ó wí, tàbí ọkọ́, tàbí igbá? Nítorí náà ni onílù kì í fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ní òun nìkan. A fi òwe àti oríkì nà án gùn títí yóò fi yé ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ òwe, tí kò sì mọ oríkì, bí ó tilẹ̀ kọ ìlù náà sórí ìwé láìṣì ọ̀kan, ariwo lásán ni ó kọ. Àwọn àgbà ti wí pé bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbò. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ìwọ̀n ìlù. Agogo kan wà láàárín wa tí a lè kà báyìí: bí a bá ka oókan dé èjìlá, tí a sì tún bẹ̀rẹ̀ láìdúró, agogo náà a dún ní 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ẹsẹ̀ oníjó a pín 12 yìí ní mẹ́ta-mẹ́ta, a sì tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Omele kan lè pín in ní méjì-méjì, kí ó dún lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, omele mẹ́fà, agogo méje: gbogbo wọn ń rìn pọ̀, ẹnìkan kò sì gún ẹnìkejì lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ọ̀kan ṣoṣo yóò sọ ìyókù nù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ń jó láti kékeré gbé gbogbo rẹ̀ sínú ara láìkà á.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ẹgbẹ́ dùndún. Gúdúgúdú àti àwọn omele a di ọ̀rọ̀ tiwọn mú ṣinṣin kí ìyáàlù lè rí ilẹ̀ dúró sí. Ìyáàlù ní tirẹ̀, bí gbólóhùn bá ti gùn tó ni yóò lù ú tó. Kì í gé oríkì kúrú nítorí ìlà tí a fà sórí ìwé.

Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò ní ìwé orin lọ́wọ́. Síbẹ̀ àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń lu agogo yìí kan náà títí di òní, wọ́n sì ń lu bàtá mẹ́ta, tí wọ́n ń pe èyí tí ó tóbi jù ní iyá. Àgbà lù, ọmọ jókòó tì í, ìlù kò sì kú.

Èmi kò kẹ́gàn ìwé. Tìmì Ẹdẹ, Ọba Adétóyèsè Láoyè Kìíní, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù í lù fúnra rẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, tí ó kú ní 2020, kọ́ dùùrù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon ní 1974, orin dùndún ni ó fi ṣe iṣẹ́, ìwé ńlá rẹ̀ lórí dùndún sì jáde ní 1990. Ọba kò ka ìlù sí iṣẹ́ tí ó rẹlẹ̀, ọ̀mọ̀wé kò sì ti ojú láti jókòó ti onílù.

Ewu tí mo rí nìyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Àyàn ti ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, nítorí pé ìlù kò tó wọn jẹun mọ́. Ẹ̀yin olóyè, oríkì ilé yín ń bẹ lọ́wọ́ àwọn baba wọn. Ọjọ́ tí arúgbó onílù kan bá kú láìní ọmọ-ẹ̀kọ́, ilé tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ni ó pàdánù.

Nítorí náà mo bẹ̀bẹ̀ ohun méjì. Èkínní, kí ilé-ẹ̀kọ́ gba onílù bí olùkọ́, kí ó sì san owó olùkọ́ fún un, kì í ṣe owó àlejò tí a pè wá dá wa lára yá. Èkejì, kí ẹ̀yin olóyè ṣí ààfin àti agbo-ilé yín sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ó wá gbọ́ oríkì lẹ́nu kí ó tó gbọ́ ọ lójú awọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé àti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀, onílù ní ọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá jókòó pọ̀, ìwé yóò wà, ẹni tí yóò sọ ohun tí ìlù ń wí ni kì yóò sí.