Ilé ayálégbé lábẹ́ orúkọ kọ́ńpìnnì
Bí ilé tí ẹ fi ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé bá wà lórúkọ yín, tí ògiri rẹ̀ wó lu ènìyàn, ẹ̀yin gan-an ni wọn yóò pè lẹ́jọ́. Gbèsè ẹjọ́ náà lè dé orí ilé tí ẹ̀ ń gbé àti owó yín ní báńkì. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fi ilé sábẹ́ kọ́ńpìnnì, kí irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lè wà lọ́rùn kọ́ńpìnnì. Òfin kọ́ńpìnnì Nàìjíríà ti ọdún 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, orúkọ òwò lásán kò tó: kò ya gbèsè òwò sọ́tọ̀ kúrò lára yín. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sì ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ilé tó bọ́ sọ́wọ́ kọ́ńpìnnì. Lẹ́yìn náà, àkáǹtì kọ́ńpìnnì ni kí owó ilé máa wọ̀.