Nọ́ńbà Ẹlòmíràn ní Ẹnu Ọ̀nà Ìdíje

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Òkè-Oyì

Nígbà tí akọ̀wé ní kí a wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá, bọ́ọ̀lù ni ó rò pé a óo sọ. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí ní Ìlú Ọba, nítorí pé láti ọdún 2023 ni ó ti wà nínú wa, a kò sì tí ì sọ ọ́ ní gbangba.

Ìdíje kan wà tí wọ́n ń pè ní triathlon. Eré mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀: ẹni tí ń ṣe é yóò kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, bí ó bá jáde nínú omi yóò gun kẹ̀kẹ́, bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yóò fi ẹsẹ̀ sáré, kò sí ìsinmi láàárín. San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ ti òde òní ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, ó sì wọ inú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000. Èyí tí ó le jù nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Hawaii ní ọdún 1978. Ènìyàn 15 ni ó gbéra, 12 ni ó parí rẹ̀. Èyí tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sábà máa ń ṣe jẹ́ mítà 750 nínú omi, kìlómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́, àti kìlómítà 5 ní ẹsẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ kò lè bà wá lẹ́rù, nítorí pé bí ẹni ti Ìlọrin wá sí ibi tí a jókòó sí yìí ni. Omi ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan ń ṣiṣẹ́ ní London. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá nígbà tí ó fi kúrò nílé. Ibẹ̀ ni ó ti fi ọdún méjì kọ́ ọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, awa àti ìyàwó wa lọ kí i, a sì bá a lọ sí ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, ní etí adágún omi kan lẹ́yìn ìlú. Ilẹ̀ kò tí ì mọ́ nígbà tí a gbéra. Inú ọkọ̀ ni ó ti sọ fún wa pé, "Bàbá, ẹ má bínú o, orúkọ mi kọ́ ni ó wà níwájú wọn." Kí ó tó rí owó san, iye ènìyàn tí wọ́n ń gbà ti pé. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, ni ó gbé ìwé tirẹ̀ fún un.

Ẹ gbọ́ ohun tí awa fi dá a lóhùn. A ní, "Ta ni yóò mọ̀?" Awa tí a ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà láti ọjọ́ yìí wá, tí a ti lé ọmọ jáde nínú yàrá ìdánwò nítorí pé ó wá jókòó ní ipò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, awa náà ni a sọ bẹ́ẹ̀.

A dé ibẹ̀, òtútù mú. Ọkọ̀ kún pápá, àwọn ènìyàn ń ti kẹ̀kẹ́ lọ nínú ìrì, wọn kò pariwo. Wọ́n tò síwájú àgọ́ kan, níbi tí ìyá àgbàlagbà kan jókòó sí tí ó ń pín nọ́ńbà. Ó béèrè ìwé tí ó ní àwòrán lọ́wọ́ ọmọ wa. Ọmọ náà ní òun gbàgbé rẹ̀ sílé. Ìyá náà kò bá a jà. Ó kàn yí ẹ̀yìn nọ́ńbà náà sí i. Àyè wà níbẹ̀ tí a óo kọ orúkọ sí, àìsàn tí ń ṣe ènìyàn, oògùn tí kò bá ara rẹ̀ mu, àti ẹni tí a óo tẹ̀ láago. Ó wá bi í pé bí ohunkóhun bá ṣe é nínú omi yẹn, ilé ta ni kí àwọn pè?

Ọmọ náà kò lè fèsì. Ojú ti àwa tí a dúró lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó bà wá ju ìtìjú lọ. Pẹnisílíìnì kò bá ara ọmọ yìí mu. Láti kékeré ni, gbogbo ilé ni ó mọ̀. Bí wọ́n bá gbé e jáde láìmọ ara rẹ̀, ìwé ara ẹlòmíràn ni àwọn oníṣègùn ìbá kà. Ìyàwó ẹlòmíràn ni wọn ìbá pè pé ọkọ rẹ̀ ti rì, ọkọ ọ̀hún yóò sì wà lórí àga níwájú rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù. Awa ìbá sì dúró ní etí omi, kí a di aṣọ rẹ̀ mú, kí a máa wo ọ̀nà.

Wọn kò fún un ní nọ́ńbà. Wọ́n ṣe ohun tí ó tọ́. Kò jẹ́ kí a lọ sílé. Ó dúró wo eré náà títí tí ẹni ìkẹyìn fi dé. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, awa ni a kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, bí a tilẹ̀ jẹ́ àgbà.

Ní ọdún 2024, ó tètè san owó, ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì rí i pé bí orúkọ náà ṣe tò nínú pásípọ́ọ̀tù ni ó ṣe tò nínú ìwé ìdíje. (Ẹ̀yin tí ẹ ní orúkọ ilé, orúkọ iléèwé àti orúkọ mọ́sálásí, ẹ mọ ìdí rẹ̀.) A tún bá a lọ. Lọ́jọ́ náà a ti tó wákàtí méjì níbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò sì pọ̀ jù. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà tí yóò so mọ́ àyà, èyí tí yóò lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ àti èyí tí yóò lẹ̀ mọ́ akoto, fìlà rọ́bà tí àwọ̀ rẹ̀ ń sọ ẹgbẹ́ tí yóò bá wọ omi, àti ẹ̀rọ kékeré tí a ń dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ láti fi ka àkókò. Wọ́n tún fi yíǹkì kọ nọ́ńbà náà sí apá rẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà ọgbà tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí, ọkùnrin kan fa bíréèkì rẹ̀ wò, ó wo ojú ihò ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bóyá ó dí, ó sì ní kí ó de akoto kí òun lè fa okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Òfin wọn ni pé a gbọ́dọ̀ de akoto kí a tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ nígbà eré, a kò sì gbọdọ̀ gùn ún nínú ọgbà. Ìyàwó wa gbé mọ́ínmọ́ín dání, ó fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ wọlé, wọ́n dá a dúró: ẹni tí ó ní nọ́ńbà nìkan ni ń wọ ibẹ̀. Bí ènìyàn bá sì fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ jáde, wọ́n óo wo nọ́ńbà ara rẹ̀ mọ́ ti kẹ̀kẹ́, wọn kì í fi ti ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n ṣe.

Ọmọ náà gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́, ó to bàtà sílẹ̀, ó padà sí ẹnu ọ̀nà ó sì ka ìlà títí dé ibi tí ó kọ́ ọ sí, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní ẹni tí ó bá jáde nínú omi, gbogbo kẹ̀kẹ́ ni ó máa ń jọ ara wọn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ya bírò lọ́wọ́ wa, ó yí nọ́ńbà sí ẹ̀yìn, ó sì kọ ọ́: pẹnisílíìnì, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́ńbà tẹlifóònù wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń lọ sí eré ọlọ́nà jíjìn ti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016, tàbí ti Okpekpe, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, a gbọ́ pé àwọn kan ń fún ara wọn ní nọ́ńbà. Ìdí nìyí tí a fi tú ara wa fó níwájú yín lónìí.

Ó parí eré náà. Kò yára, ẹni tí ó jù ú lọ pọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé. Nọ́ńbà náà wà nínú àpò wa níhìn-ín. Bí ìpàdé bá tú, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rí i wá wò ó, tojú tẹ̀yìn.