Ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀

 

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kun àwòrán, ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ́gi, ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin. Iṣẹ́ ta lẹ ń fara wé?

Ẹ jẹ́ ká rántí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Ìsẹ̀-Èkìtì. Ẹ wo ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ère ara rẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ pákó. Wọ́n yọ síta. Ọrùn wọn gùn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ yíjú sí wa, bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó wù mí púpọ̀!

Ṣé Ọlọ́wẹ̀ ò mọ bí àwọn agbẹ́gilére yòókù ṣe ń gbẹ́ ère ni? Ó mọ̀ ọ́n. Ọba, olorì, ẹlẹ́ṣin, ohun tí wọ́n ń gbẹ́ náà ló gbẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ní 1924, wọ́n pàtẹ ilẹ̀kùn yẹn ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum ló wà dòní.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín, ẹ kọ́ ọ yanjú. Àmọ́ bí ọwọ́ yín bá fẹ́ yà síbòmíràn, èé ṣe tí ẹ fi ń fà á padà? Torí oníbàárà kan fajú ro? Torí ti ẹlòmíì ló ń tà lọ́jà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á padà mọ́. Ẹ ṣe é bó ṣe wá sí yín lọ́kàn, kí ẹ sì gbé e síta ká rí i.