Orúkọ Wà, Ìtàn Ń Lọ

Ọ̀rọ̀ ogun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ogun Kírìjí, kì í sì í ṣe ogun Jálumi. Ogun tí àwọn baba wa àgbà bá òyìnbó lọ jà ní òkè òkun ni, èyí tí àwọn arúgbó ń pè ní ogun Hítílà. Ọdún 1939 ni ó bẹ̀rẹ̀, ọdún 1945 ni ó sì parí.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Kí ni ó kan ará Ṣómólú, kí ni ó sì kan ará Bàrígà, nínú ìjà Hítílà?” Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a rìn díẹ̀ ní àdúgbò wa, kí a lè fi ojú wa rí ìdáhùn rẹ̀.

Bí ènìyàn bá ti inú Ṣómólú jáde sí òpópónà Ìkòròdú ní apá Fadéyì, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé ilé ìwòsàn Ìgbóbì. Kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ Ìgbóbì. Bí ọ̀kadà bá gbé ènìyàn ṣubú, bí ọmọdé bá já láti orí igi tí eegun rẹ̀ sì ṣẹ́, Ìgbóbì ni wọn yóò ní kí ẹ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé ogun ni ó bí ilé ìwòsàn yìí? Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1945, nígbà tí ogun ti parí, ni ìjọba sọ ọ́ di ilé ìwòsàn fún gbogbo ará ìlú. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá to eegun ẹnìkan nínú yín ní Ìgbóbì lọ́la, àǹfààní ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ìyà àwọn sójà wọ̀nyẹn ni ó ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a tún sún síwájú. Ní Yábàá, bárékè kan wà tí à ń pè ní Marda. Ní Ojúẹlẹ́gba, òmíràn wà tí à ń pè ní Abalti. Ní Àpápá, Arakan ni orúkọ tiwọn. Bí ẹ bá sì dé Ìbàdàn, ẹ ó bá Letmauk ní Mọ́kọ́lá. Ojoojúmọ́ ni àwọn agbèrò ń ké irú orúkọ báwọ̀nyí, tí èrò sì ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá bi àwọn ènìyàn léèrè ìtumọ̀ wọn, ẹlòmíràn yóò ní èdè Hausa ni, ẹlòmíràn yóò ní orúkọ ọ̀gágun kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Marda jẹ́ ọ̀nà tóóró láàárín àwọn òkè ní ilẹ̀ Etiópíà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti bá àwọn ará Ítálì jà ní oṣù kẹta ọdún 1941. Ilẹ̀ Etiópíà náà ni Abalti wà, ọdún kan náà ni wọ́n sì jà níbẹ̀. Arakan àti Letmauk wà ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar nísinsìnyí. Àwọn tó ti ibẹ̀ bọ̀ láàyè ni wọ́n mú orúkọ ibẹ̀ wá sílé, kí a má bàa gbàgbé àwọn tí kò bọ̀.

Báwo ni àwọn ènìyàn wa ṣe dé Bọ́mà? Àwọn ará Jàpáànù ti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń wo Íńdíà tí í ṣe ìkejì rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá kó ọmọ ogun jọ láti Nàìjíríà, láti Gold Coast tí ó di Gánà lẹ́yìn náà, láti Sàró àti láti Gáḿbíà. Gbogbo àwọn tí wọ́n kó lọ sí Éṣíà tó nǹkan bí 90,000, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ ogun ńlá méjì, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 81 àti èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 82. Àfonífojì odò Kaladan tí àwọn 81 gbà kọjá kò ní ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà. Òkè ni, igbó ni, ẹrẹ̀ ni. Orí ni àwọn ènìyàn wa fi ru ẹrù ogun, ọkọ̀ òfurufú sì ni ó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn láti ojú ọ̀run. Aláǹtakùn ni àmì tí wọ́n rán mọ́ aṣọ wọn, èyíinì ni Ànáǹsè inú àlọ́ àwọn ará Gánà, ẹni tí í fi ọgbọ́n borí ẹni tó lágbára jù ú lọ, gẹ́gẹ́ bí Ìjàpá ti ń ṣe nínú àlọ́ tiwa. Ní oṣù kìíní ọdún 1945, àwọn ẹgbẹ́ ogun méjèèjì ni wọ́n jùmọ̀ gba Myohaung, olú-ìlú àwọn ọba Arakan láyé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn ogun kì í ṣe ti ìlú tí a gbà nìkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan fún yín. Ní ọdún 1942, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 kan láti Èmùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ sójà. Isaac Fadoyebo ni orúkọ rẹ̀. Àárín àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà létí odò Kaladan, àwọn ará Jàpáànù yọ sí wọn lójijì. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ó sì tún bà á níkùn. Òun àti ọmọ Sàró kan tí ń jẹ́ David Kargbo ni wọ́n ṣẹ́kù síbẹ̀ láàyè. Àgbẹ̀ kan tí í ṣe Mùsùlùmí, Shuyiman ni orúkọ rẹ̀, ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tí ó sì gbà wọ́n sílé, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀ pé bí ọ̀tá bá gbọ́, ẹ̀mí òun àti ti ará ilé òun lè lọ sí i. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé wá kó wọn ní oṣù kejìlá ọdún náà.

Fadoyebo padà wá sílé, ó ń tiro. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó gbé ní Èkó, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1999 ni ìwé náà jáde, yunifásítì kan ní Wisconsin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2011, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, mú lẹ́tà rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì rí àwọn ọmọ Shuyiman. Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni Fadoyebo kú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ogun náà kò sì mọ sí Bọ́mà. Ó wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa ní Èkó. Ìjọba fi òyìnbó kan, Ọ̀gbẹ́ni Pullen, ṣe alákòóso oúnjẹ. Wọ́n fi agbára dá iye owó lé gàrí, títí gàrí fi di ohun ìwákiri. Àwọn obìnrin ọlọ́jà, tí Alhaja Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà ṣe aṣáájú wọn, ni wọ́n dìde tí wọ́n ní àwọn kò gbà. Ó wọ ilé-ìwé pẹ̀lú. Ní ọdún 1944, ìjọba gba ilé tí àwọn ọmọ King’s College ń sùn sí fún àwọn ológun. Àwọn ọmọ náà kọ ìyà tó ti ibẹ̀ jáde, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó wọn dé ilé ẹjọ́, wọ́n sì fi tipátipá mú mẹ́jọ nínú wọn wọ iṣẹ́ sójà. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pe ìpàdé kan, láti inú ìpàdé náà sì ni a ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú N.C.N.C. sílẹ̀, pẹ̀lú Herbert Macaulay gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àti Nnamdi Azikiwe gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ẹ ò rí i bí ogun tí ẹ rò pé ó jìnnà ti jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó gbé òmìnira sún mọ́ wa?

Kí ló wá dé tí àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ kò sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú wọn rí kò ṣeé fi pa ìtàn fún ọmọdé ní alẹ́. Ohun kejì ni pé ọjọ́ ìrántí pàápàá yí padà. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni a ń ṣe ìrántí àwọn ológun tẹ́lẹ̀, nítorí ọjọ́ yẹn ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí ní ọdún 1918. Nígbà tó yá, ìjọba gbé e sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé wa parí ní ọdún 1970. Àwọn ọmọ ń rí ẹyẹlé tí wọ́n ń tú sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tí à ń rántí.

Ohun kẹta ni ti àwa olùkọ́. Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2009 sí 2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní ìpele kékeré ti girama. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpadàbọ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó wọ kíláàsì kìíní ní ọdún 2009 ti jáde girama kí ẹ̀kọ́ ìtàn tó padà dé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nísinsìnyí. A ní kí ó fi ohun tí a kò fún un fún ọmọ ẹlòmíràn.

Níbi tí a sì ti ń kọ́ ìtàn ogun náà, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí ni à ń há sórí, pẹ̀lú orúkọ àwọn olórí ìlú òyìnbó. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Hítílà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìgbóbì. Ẹ bi àwọn ọmọ pé, “Ta ni ó kọ́kọ́ sùn nínú ilé ìwòsàn yìí? Kí ni ó ṣe é?” Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá Marda àti Arakan lórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Ẹ fi okùn wọn bí Bọ́mà ti jìnnà sí Bàrígà tó. Ọmọ tí ó bá ti ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀ wọ inú ìtàn kò ní tètè gbàgbé rẹ̀.

Ṣé pé àkókò kò sí, pé ìdánwò ń lé wa? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wákàtí kan láàárín sáà tó láti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyókù iṣẹ́ náà wà nílé.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Àwọn tó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ọwọ́ wa ti pẹ́ lórí ọ̀pọ̀ nínú tiwọn. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé tí a jà láti ọdún 1967 sí ọdún 1970, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàárín wa. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti di arúgbó báyìí. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, Yorùbá àti Igbo ń gbé inú ọgbà kan náà, wọ́n ń pọn omi nínú kànga kan náà. Ohun tí ìyá àgbà yàrá iwájú rántí lè yàtọ̀ sí ohun tí bàbá yàrá ẹ̀yìn rántí. Ẹ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n pé, “Níbo ni ẹ wà nígbà ogun? Kí ni ẹ ń jẹ? Ta ni ó lọ tí kò padà?” Bí àgbà bá ní òun kò fẹ́ sọ, ẹ má ṣe rọ̀ ọ́ ju bó ti yẹ lọ, ọgbẹ́ mìíràn kò tíì jinná. Bí ó bá sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ti sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹlòmíràn, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nísinsìnyí, mo padà sí ọ̀rọ̀ ìwé Fadoyebo. Gbogbo Nàìjíríà ló mọ Ṣómólú fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Níbẹ̀ ni a ti ń tẹ kàlẹ́ńdà, níbẹ̀ ni a ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Níbẹ̀ náà ni a ti ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, tí àwòrán olóògbé máa ń wà níwájú rẹ̀, tí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sì máa ń wà nínú rẹ̀. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ lè rí ìlà kan ṣoṣo pé bàbá náà ṣe sójà nígbà ogun. Ìlà kan! Tí àwọn ọmọ bá wá fẹ́ bèèrè ìyókù, wọ́n ti gbé ẹni tí wọn ì bá bi wọ inú pósí. Ìwé ọmọ Èmùré-Ilé lọ dé Amẹ́ríkà kí ó tó rí ẹni tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ró tọ̀sán-tòru ní ẹ̀yìnkùlé wa.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ẹ jẹ́ kí a yí òwe yìí padà. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan kó ohun tí àwọn ọmọ bá gbọ́ lẹ́nu àgbà jọ, kí ó gbé e lọ sí Ṣómólú, kí a tẹ̀ ẹ́, bó jẹ́ ojú ewé mẹ́rìndínlógún péré. Kí àgbà tó sọ ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba tirẹ̀, kí ó sì rí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ríran.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ alẹ́ yìí nìyẹn. Bí mo bá ti dákẹ́, ẹ pa rédíò, kí ẹ lọ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ilé.

Ó dàárọ̀ o.