Owó Ọkọ̀ Ìlobùú àti Ifọ́n: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Sọ Iye Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ

A kò wá bú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni a kò wá tọrọ ìbò. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni a bá wá, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà.

Ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó so wá pọ̀. Ìlobùú ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Ifọ́n ni ti Orólú. Ilé tí ó kẹ́yìn ní ìlú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ilé àkọ́kọ́ ní ìlú kejì. Síbẹ̀, bí ìyá kan bá gbé gàrí rẹ̀ dé etí títì ní Ifọ́n, tí ó ń lọ sí ọjà ní Òṣogbo, ẹnu dírẹ́bà ni yóò ti gbọ́ iye tí yóò san. Bí òjò bá ṣú, iye náà a yí padà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà, a tún yí padà. Ẹrù rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí kò lè jà, yóò san ohun tí wọ́n bá ní kí ó san. Kò sí pátákó kan tí ó lè na ọwọ́ sí kí ó wí pé, "Èyí ni àdéhùn wa." Bí ẹrù rẹ̀ bá sì bá ọkọ̀ lọ, kò mọ orúkọ dírẹ́bà náà, kò mọ nọ́ńbà rẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò fi ẹjọ́ sùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn awakọ̀ ni a wá dá lẹ́bi. Ọmọ wa ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Owó ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó fún olówó ọkọ̀ kí wọ́n tó mú ti ara wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Lítà epo tí a ń rà ní nǹkan bí náírà 190 ti kọjá 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí ó sì fi di oṣù keje ọdún náà, ó ti lé ní 600 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ta ni ó jókòó ti awakọ̀ nígbà náà láti bá a ṣírò iye tí ó tọ́ kí ó gbà? Kò sí. Òun nìkan ni ó dá ìṣirò rẹ̀ ṣe, àwa sì ń bú u ní ìjókòó ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí òfin wí. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi ìdásílẹ̀, ìtọ́jú àti àkóso ọjà, ilé ìpẹran àti ibùdókọ̀ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ó fún un ní àṣẹ láti fún kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi, bárò àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ayẹ̀kọ̀wò àti ọ́fíìsì owó orí ti ìpínlẹ̀. Ẹ wá wò ó: òfin ka ọmọ tí ń ti bárò ní ọjà sí ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹni tí ó kó ọmọ ènìyàn sínú ọkọ̀ kòròpé, ìjọba ìbílẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n títí ọkọ̀ yóò fi gbó.

Àwọn kan yóò wí pé nígbà náà kò sí ohun tí káńsù lè ṣe. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni ibùdókọ̀ ni ó lè sọ ẹni tí yóò kó èrò níbẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò gbà kó o. Ó lè ní kí awakọ̀ mú ìwé àṣẹ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó wá kí a tó fún un ní nọ́ńbà. Ó lè ní kí a kọ owó ọkọ̀ sí ojú pátákó. Kí àṣẹ náà má baà di ohun tí adájọ́ yóò fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin tì í lẹ́yìn. Èyí kò ṣòro.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káńsù ìlú ni ó ń fún awakọ̀ takisí ní ìwé àṣẹ, lẹ́yìn tí ó bá ti wádìí pé ẹni tí ó yẹ ni. Ó ń fún un ní báàjì tí ó ní nọ́ńbà. Òfin ọdún 1976 wọn sì fún àwọn káńsù tí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní agbára láti sọ iye tí owó takisí kò gbọdọ̀ kọjá. Ohun tí ó wù wá jù nínú òfin náà kì í ṣe iye owó. Bí káńsù bá fẹ́ yí iye náà padà, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn àdúgbò, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè kà á láìsan kọ́bọ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ 14 ni yóò fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní àtakò. Awakọ̀ lè sọ̀rọ̀, èrò ọkọ̀ lè sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni káńsù yóò tó pinnu.

A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ojú wa ti rí iye owó tí a sọ láti òkè láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba òyìnbó fi Kápútẹ́ẹ̀nì Pullen sí ìdí iye tí a ó máa ta gàrí àti oúnjẹ mìíràn ní Èkó. Iye tí wọ́n sọ kò ro ti àgbẹ̀, kò ro ti owó ọkọ̀ tí ó gbé gàrí wọ ìlú. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Gàrí pòórá lórí àtẹ, ó di ohun tí a ń rà ní kọ̀rọ̀ ní iye tí ó ju ti àtijọ́ lọ. Ìyá Àlímọ̀tù Pẹ̀lẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kọ̀ jálẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì sinmi títí ètò náà fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 1945. Bí a bá fi ìbínú sọ iye owó ọkọ̀ Ifọ́n, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ yóò ṣe pòórá, ẹsẹ̀ ni ìyá wa yóò sì fi rìn.

Ẹ tún wo Kùtọnu. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí àwọn ọlọ́kadà wọn, tí wọ́n ń pè ní sẹ́mìjàn, nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí a kọ nọ́ńbà sí lára. Bí ọ̀kan bá ṣe ohun tí kò tọ́, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní sá.

A wá dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Bí Ìrẹ́pọ̀dùn bá sọ iye tirẹ̀, tí Orólú sọ tirẹ̀, iye méjì ni yóò wà lójú ọ̀nà kan. Ẹ kò gbàgbé ohun tí ojú wa rí ní ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ láàrin Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun gba ẹ̀mí, tí ó jó ilé, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi pàṣẹ kónílé-ó-gbélé. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ìlú kan ń di àjèjì ní ìlú kejì. Ilé ìwé míṣọ́n ni wọ́n ti kọ́ wa ní tiwa, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ifọ́n mọ ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n: àgbàlagbà tí ó ń lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n mú lójú ọ̀nà nítorí ẹṣin tí kò jí, tí ó fi ọdún méje wà ní túbú nítorí pé àwọn tí ó mú un kò mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà tí káńsù méjèèjì jọ fọwọ́ sí yóò sọ fún ọmọ Ìlobùú pé ẹni tí ó gbé ọkọ̀ wá láti Ifọ́n ní ẹni tí ó dúró fún un, yóò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ifọ́n pẹ̀lú. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo ni a ń bèèrè, láti inú káńsù méjèèjì, pẹ̀lú àwọn awakọ̀, àwọn olówó ọkọ̀, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn àgbẹ̀. Kí wọ́n ṣírò epo, táyà, owó olówó ọkọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ìlú rí ìṣirò náà. Bí epo bá wọ́n, kí wọ́n tún un ṣe. Bí ó bá rọ̀, kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú.

A mọ̀ pé wọn yóò wí pé káńsù kò lówó. Lóòótọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, síbẹ̀ ní ọdún 2025 owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun há sí Àbújá nítorí ìjà òṣèlú. Ṣùgbọ́n pátákó àti ọ̀dà kò dúró de Àbújá. Àwọn tí ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ní àràárọ̀ kò dúró de Àbújá.

Láti òní títí di ìpàdé tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù yín tí ó bá wọ ọkọ̀ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ibi tí ó ti wọ̀ ọ́, ibi tí ó ti sọ̀, ẹrù tí ó gbé àti iye tí ó san. Ẹni tí kò lè kọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́. Kí ẹ kó wọn fún akọ̀wé wọ́ọ̀dù yín. Àwọn awakọ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yóò kọ tiwọn náà: iye lítà epo tí wọ́n rà, iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já, àti ohun tí ó kù sí wọn lọ́wọ́ ní alẹ́. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni a ó kó lọ sí iwájú káńsù méjèèjì.