Ta Ni Wọ́n Ń Bá Wí? Ìtọ́ka àti Iye Nínú Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn òbí àti olùkọ́ Yorùbá ní Niamey

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti dá ọ̀pọ̀ ọmọ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan ṣáájú:

"The trader, together with her three daughters, ... in the market."

Wọ́n ní kí ọmọ mú ọ̀kan nínú "is" àti "are". Ọmọ tó ń kánjú á rí "daughters" nítòsí àlàfo náà, á sì mú "are". Ó ti gbà á tì. Ìyálọ́jà kan ṣoṣo ni olùwà gbólóhùn yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kàn bá a dé ọjà ni, nítorí náà "is" ló tọ́. Bí wọ́n ṣe ń hun irú ìbéèrè yìí nìyẹn. Wọn á gbé olùwà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọn á kó èrò sí àárín, wọn á wá fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí ìkángun. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ojú ọmọ náà lè fo èrò àárín kọjá, kó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Àkókò ò sì sí. Ìbéèrè 180 ni JAMB, ìdánwò àbáwọlé yunifásítì ní Nàìjíríà, ń bi ọmọ láàárín wákàtí méjì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ni 60 nínú wọn. Tí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn, tó ti wà láti 1964, le ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ń ṣe é lórí ìwé: ìbéèrè gírámà 40 láàárín ìṣẹ́jú 25. Nígbà tí ẹ̀dà orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ní 2005, wọ́n yọ abala gírámà yẹn kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ẹ̀dà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa ń fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn wò, èyí tí wọ́n ń pè ní ITP. Ẹni tí kò bá tíì mọ ibi tí ojú ń lọ kò ní ráyè wá a nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan àwa ará Niamey, níbi tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa, tó sì jẹ́ pé ìdánwò BEPC àti bac ni wọ́n ń ṣe. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló ni WAEC, ìgbìmọ̀ ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Nàìjíríà, Ghana, Sierra Leone, Gambia àti Liberia. Niger kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ kó lọ kàwé ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin gbọ́dọ̀ bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀ sílẹ̀ nínú JAMB. Nǹkan sì ti yí padà níbí pẹ̀lú. Ìwé òfin tuntun tí ìjọba Niger kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2025 sọ Haúsá di èdè orílẹ̀-èdè, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ Faransé gẹ́gẹ́ bí èdè iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò jìnnà sí ìlú yìí mọ́.

Èrò mi nìyí, mo sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ gbọ́ ọ dáadáa. Èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Niamey. Tó bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, a máa ń ní àwọn èdè yòókù ló dí i lọ́wọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ tí ìdánwò yìí ń wá ti wà lẹ́nu ọmọ náà kó tó jókòó síwájú ìwé. Yorùbá ti kọ́ ọ ní ìtọ́ka, Haúsá sì ti kọ́ ọ ní iye. Ẹni tí yóò fi hàn án pé ó mọ̀ ọ́n ni kò rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtọ́ka. Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì yìí:

Adé sọ fún Òjó pé òun ti yege.
Adé sọ fún Òjó pé ó ti yege.

Ta ló yege nínú ti àkọ́kọ́? Adé ni. Kò sí ọmọ wa kan tí yóò ṣì í gbọ́. Nínú èkejì, ọkàn wa kúrò lára Adé. Ó lè jẹ́ Òjó ló yege, ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ̀. Ẹ wá gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì: "Ade told Ojo that he had passed." Ta ni "he"? Gẹ̀ẹ́sì kò lè dáhùn, ó di dandan kí wọ́n tún gbólóhùn náà tò. Àṣìṣe gan-an tí ìdánwò máa ń ní kí ọmọ tọ́ka sí nìyẹn: arọ́pò-orúkọ kan tí ẹni méjì lè jẹ́ olówó rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ èdè mọyì ohun tí "òun" ń ṣe yìí. Ní 1974, Claude Hagège, ọmọ Faransé, fún irú arọ́pò-orúkọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí gbogbo àgbáyé ń lò títí dòní, inú àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ti rí i. Àwọn ará Ewe, aládùúgbò wa ní Togo àti Ghana, ní tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Mo mọ̀ pé "òun" ní iṣẹ́ mìíràn, bí ìgbà tí a bá sọ pé "òun ni mo rí lánàá", àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ẹni tí a tún sọ, ẹni tó sọ̀rọ̀ ló ń tọ́ka sí. Ọmọ tó ti ń pààlà sáàárín "òun" àti "ó" láti ìgbà tó ti ń fọhùn, báwo la ṣe lè ní kò mọ ìtọ́ka? Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí olùkọ́ kọ́ ọ: níbi tí Gẹ̀ẹ́sì bá ti sọ "he", ṣé "òun" ni ìwọ yóò fi síbẹ̀ ni, àbí "ó"? Tí méjèèjì bá bá a mu, gbólóhùn náà ní àbùkù.

Ọgbọ́n yìí tún wúlò níbi tí àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá ti máa ń kọsẹ̀. "She is one of the women who ... cloth here." Ṣé "sells" ni àbí "sell"? Ojú á lọ sí "one", ọwọ́ á mú "sells". Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá tó délẹ̀: ó wà lára àwọn obìnrin tí wọ́n ń ta aṣọ níbí. "Tí wọ́n" ti jáde lẹ́nu yín. Obìnrin púpọ̀ ló ń ta aṣọ, "sell" ló tọ́. Ẹ wá yí i padà: nínú gbogbo àwọn obìnrin yìí, òun nìkan ló ń ta aṣọ. "Wọ́n" ti pòórá. Nínú "the only one of the women who", "sells" ni a ó mú. Mi ò tíì rí òfin inú ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì kankan tó tètè yé ọmọ wa tó èyí.

Àmọ́ "wọ́n" yìí kan náà máa ń kó ọmọ sí wàhálà. "Bàbá mi ti dé. Wọ́n ń jẹun." Ọmọ tí a kọ́ dáadáa nílé kò gbọdọ̀ sọ pé bàbá òun dé, "ó" ń jẹun. Tó bá wá dé orí ìwé Gẹ̀ẹ́sì, á kọ "My father has come. They are eating." Olùkọ́ á fi yíǹkì pupa fagi lé e, á sì bi í bóyá bàbá rẹ̀ di méjì. Kò yẹ kí a fi ìyẹn dójú ti ọmọ. Ọ̀wọ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ sórí ẹyọ, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Láyé àtijọ́, "thou" ni wọ́n fi ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀, "you" jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi "you" bọ̀wọ̀ fún àgbà, títí "thou" fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lẹ́nu gbogbo ayé. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé "you are" fún ẹni kan ṣoṣo dòní: ọ̀rọ̀-ìṣe ọ̀pọ̀ ni. "Vous êtes" tí àwọn ọmọ wa ń sọ fún olùkọ́ wọn níbí bá "ẹ" tiwa dọ́gba. Ohun tó yẹ kí a sọ fún ọmọ ni pé ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fi arọ́pò-orúkọ bọ̀wọ̀ fún rí, kì í fi í bọ̀wọ̀ fún ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá rẹ, "he" ni, o kò sì rí wọn fín.

Ní ti akọ àti abo, Yorùbá kò ràn wá lọ́wọ́. "Ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin, "ó" ni ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "a" rí lẹ́nu àwọn Zarma tí a jọ ń gbé. Ibí yìí ni mo ti ní kí ẹ wo Haúsá. Ẹ tẹ́tí sí ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń bá ìyá rẹ̀ pe oníbàárà ní ọjà Grand Marché níbí. Baba ya zo. Mama ta zo. Yara sun zo. Bàbá dé, "ya" ni. Ìyá dé, "ta" ni. Àwọn ọmọ dé, "sun" ni. Tí wọ́n bá ṣì ń bọ̀ lọ́nà, á di "yana zuwa", "tana zuwa", "suna zuwa". Ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ "he is coming", "she is coming", "they are coming". Gbogbo ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ló pé síbẹ̀: akọ, abo, ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Àní Haúsá tún lé e kọjá, nítorí pé ó ń pààlà sáàárín akọ àti abo nígbà tí a bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú pàápàá: "ka zo" fún ọkùnrin, "kin zo" fún obìnrin. Ọmọ tí kì í ṣi "yana" mú fún "suna" kò yẹ kó ṣi "is" mú fún "are". Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó ti fi ọ̀kan han ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rí?

Faransé ló nílò ìṣọ́ra. "Son père" ni bàbá ọkùnrin, "son père" náà ni bàbá obìnrin, nítorí pé ohun tí a ní ni ọ̀rọ̀ náà ń tẹ̀lé, kò wo ẹni tó ni ín. Ọmọ á wá kọ "Amina came with his father", á sì rò pé "his" ló tọ́ níwọ̀n ìgbà tí bàbá jẹ́ ọkùnrin. Amina ni Gẹ̀ẹ́sì ń wò, "her" ló yẹ. Èkejì wà létí: "il mange" àti "ils mangent", ohùn kan náà ni. Ọmọ tó ti mọ́ lára pé ojú nìkan ló ń rí ọ̀pọ̀ lára ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé, etí kì í gbọ́ ọ, kì í ka "s" tó wà lẹ́yìn "eats" sí. Ní ti "la police" tó jẹ́ ẹyọ ní Faransé tó sì di "the police are" ní Gẹ̀ẹ́sì, tàbí "les informations" tí kò gbọdọ̀ di "informations", kíkọ́ sórí ni, kò ní àlàyé púpọ̀.

Kí ẹ má rò pé àlá ni mò ń lá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tó ń ṣètò ìdánwò pẹ̀lú, torí pé àwọn náà máa ń ṣì í. Ní oṣù Kẹwàá 2002, wọ́n fi gbólóhùn kan sínú PSAT, ìdánwò tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Toni Morrison's genius enables her to create novels..." Ìdáhùn àwọn olùdánwò ni pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ta kò wọ́n. Ó ní òfin kan wà nínú àwọn ìwé gírámà tó sọ pé "her" kò lè tọ́ka sí orúkọ tó wà ní ipò oní-nǹkan bíi "Toni Morrison's", torí pé "genius" ni olùwà. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, ó kọ̀wé padà. Nígbà tó di 2003, wọ́n fa ìbéèrè náà yọ, wọ́n sì tún máàkì ṣe. Lójú tèmi, gbólóhùn náà dára, kò sí ẹni tó kà á tí kò mọ ẹni tí "her" jẹ́. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé tó ni èdè pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan lórí arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo, síbẹ̀ wọ́n fi í dán ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wò.

Irú rẹ̀ ni "Everyone must bring ... book" tí ìdánwò tiwa fẹ́ràn. "His" ni ìwé àtijọ́ wí. Ní 1850, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Britain ṣe òfin pé ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ ti akọ nínú ìwé òfin wọn kan obìnrin náà. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará England ti ń lo "they" fún ẹnìkan tí a kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrònú ọkàn ní Amẹ́ríkà, APA, tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń tẹ̀lé ìlànà ìwé kíkọ wọn, fọwọ́ sí i pé kí a máa lò ó bẹ́ẹ̀. Títí dòní, ọmọ lè pàdánù máàkì nínú ìdánwò kan nítorí "their" tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀ lọ́dún tó bá wọ yunifásítì.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ pé kí ẹ sọ òótọ́ méjèèjì fún wọn. Ẹ ní kí ọmọ wo àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò kalẹ̀: tí "his or her" bá wà níbẹ̀, òun ni ìdánwò ń wá, torí pé kálukú ni "everyone", ìwé rẹ̀ la sì ń ní kí kálukú mú wá. Tí lẹ́tà tàbí àròkọ bá ni ọmọ ń kọ, kó lo "their" kó sì fọkàn balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì máa ń jókòó ti ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìbéèrè, níbí tàbí nílé, ẹ yọ èyí tí àwọn àgbà ṣì ń jiyàn lé lórí kúrò. "The trader, together with her three daughters" ṣì wà níbẹ̀, ó sì tó láti dán ọmọ wò.